Ọ̀sẹ̀ Méje tí Mo Fi Tún Lẹ́mà Kẹrìnlá Ṣe

Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, 2025

Lẹ́mà Kẹrìnlá kì í ṣe òótọ́.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí i lójú. Ọdún méje ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé yìí, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí lẹ́mà yẹn, gbólóhùn ìṣirò tí a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn, ti wà nínú rẹ̀. Orí kẹrin àti ìkarùn-ún lápapọ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n dúró lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníran tó ń darí iṣẹ́ mi ti kà á. Ìgbìmọ̀ ti kà á. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Lónìí, ní yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní Másífà, níbi tí mo ti ń dúró de àwọn SS2 kí wọ́n jáde nínú ìdánwò, mo kàn fẹ́ ya àwòrán kan tí n ó fi síwájú orí kẹrin. Àwòrán yẹn ló já lẹ́mà náà.

Ohun tó sọ kò le. Ó ní ká mú ààyè kan, ìyẹn ibi tí ojúàmì pọ̀ sí, tó jẹ́ pé, nígbàkígbà tí ojúàmì kan bá lẹ̀ mọ́ agbo kan, a máa rí ọ̀wọ́ ojúàmì tó tò tẹ̀lé ara wọn láti inú agbo náà tó máa rìn títí tó máa fi gúnlẹ̀ sí i. Ká wá sọ ààyè yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ààyè míì tó rọrùn gan-an. Mo ní ìwà náà kò ní sọnù. Ó sọnù!

Àwòrán kan tó rí bí abẹ̀bẹ̀ ló bà á jẹ́. Ọ̀nà tí iye wọn kò lópin, oríta kan ṣoṣo ni gbogbo wọn já sí. Ojúàmì tò sórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sún mọ́ oríta. Ẹni tó bá di ọ̀nà kan mú máa dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ẹyọ kan lórí ọ̀nà kìíní, ẹyọ kan lórí ìkejì, ẹyọ kan lórí ìkẹta, tó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kò ní dé oríta láéláé, torí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní ààlà tirẹ̀, a sì lè fa ààlà náà síbi tó bá wù wá. So abẹ̀bẹ̀ yìí pọ̀ mọ́ ọ̀wọ́ kan lásán tó ń gúnlẹ̀, ó tán.

Ó yẹ kí n máa sunkún. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ni dífẹ́ǹsì mi, ìdánwò ẹnu tó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn ọjọ́ náà ìforúkọsílẹ̀ mi ti parí, kò sí àfikún mọ́. Síbẹ̀ mo tún àwòrán náà yà lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí pé ó rẹwà. Ìlà mẹ́rin péré!

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Dúrójaiyé tí a jọ ń kọ́ni nìkan ni mo fi hàn. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì máa ń bá mi wo nǹkan tí kò bá yé mi. Ó fi bírò tọ àwòrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìgbìmọ̀ rí i?"

"Rárá."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ńkọ́?"

"Wọn ò rí i."

"Ta ló wá rí i?"

"Èmi."

Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀. "Aǹtí Ooreọ̀fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ẹ lọ gba oyè yín. Tí ẹ bá gbà á tán, ẹ wá fara balẹ̀ tún un ṣe. Ta ló máa mọ̀?"

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Lórí ọ̀kadà tó gbé mi padà sílé ní Èjìgbò, mo gbìyànjú láti fẹ́ràn ìmọ̀ràn náà. N kò lè fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbàgbé abẹ̀bẹ̀ yẹn ló tún ń ṣí níwájú mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ sí yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún un yà sójú pátákó. Mo tún un yà. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú.

"Ta ló fi èyí hàn ọ́?"

"Èmi ni mo rí i, sà."

"Mo fọwọ́ sí lẹ́mà yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọwọ́ sí i."

Wọ́n jókòó. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n ní, "Ọjọ́ dífẹ́ǹsì, mi ò lágbára láti sún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ díẹ̀ ló kù. Tí o bá tún un ṣe, a jọ máa wọlé. Tí o ò bá tún un ṣe, mi ò ní jẹ́ kí o gbé irọ́ síwájú wọn."

"Ẹ ṣé, sà."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó pè mí padà. "Ooreọ̀fẹ́. Ọdún méje, èmi ni mò ń sọ ibi tó kù sí fún ọ. Òní ni ìwọ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi." Ojú wọn ń tàn bí ojú ọmọdé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ní kí ààyè méjèèjì jẹ́ èyí tó rọrùn. Lẹ́mà náà di òótọ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì wúlò fún ohunkóhun, torí pé àwọn ààyè orí karùn-ún mi kò sí lára àwọn tó rọrùn. Ó dà bí ẹni tó kọ́lé tán tí kò jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Mo nílò ìwà kan tó le díẹ̀ ju èyí tí mo ní lọ, àmọ́ tí kò le jù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ooru yìí ti pọ̀ jù. Ọ̀kadà Másífà ti di ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi àpò ìwé kan ránṣẹ́ sí mi láti ọwọ́ awakọ̀. Ogójì ojú-ìwé, fọ́tòkọ́pì àtijọ́, Faransé ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà kan ló fún wọn níbi àpérò nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀ pé: "Mi ò gbọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n mo rántí pé àwòrán abẹ̀bẹ̀ wà ní ojú-ìwé kọkànlá."

Ó wà níbẹ̀! Abẹ̀bẹ̀ mi gan-an! Ó ti wà láyé kí wọ́n tó bí mi. Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí díẹ̀. Mo gbé fóònù sí i kó lè túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Tádàà ojú-ìwé náà ti ṣá, fóònù kò rí ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ, èyí tó sì rí kò nítumọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Láti ìgbà tí Mùíbì ọkọ mi ti padà sẹ́nu ọjà rẹ̀ ní Àbíjàn, èmi àti Màmá, ìyá rẹ̀, la jọ wà nínú ilé yìí. Màmá ń gbààwẹ̀. Lọ́sàn-án òní wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń fi awò kékeré kan tó ń mú lẹ́tà tóbi wo ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lò ń kà tí o fi ń fún ojú pọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Faransé ni, Màmá. Kò yé mi."

Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ kò ju "ọdún méje lórí ìwé kan" lọ, wọ́n á sì mi orí. Wọ́n na ọwọ́. Mo fún wọn. Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, geerege, láìdúró, bí olùkọ́ tó ń ka ìwé fún kíláàsì.

Mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ Faransé ọjà. N kò mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n kà.

"Màmá!"

"Kí ló dé? Bouaké, ní ilẹ̀ Àbíjàn náà, ni wọ́n bí mi sí. Mo gba certificat, ìwé ẹ̀rí àkọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ṣe ipò kìíní nínú àwọn ọmọbìnrin." Wọ́n ṣí ojú-ìwé míì. "Institutrice, olùkọ́bìnrin, ni mo fẹ́ jẹ́. Bàbá mi ní ó tó, kí n wá bá ìyá mi ta aṣọ. Kí ni wọ́n ń pè ní voisinage níbí? Voisinage ni àdúgbò. Àdúgbò ta ni?"

"Àdúgbò ojúàmì, Màmá."

"Ojúàmì ní àdúgbò?"

"Ó ní, Màmá. Ó ní púpọ̀."

Wọ́n wò mí bíi pé mo ti fi nǹkan pa mọ́ fún wọn láti ọjọ́ yìí wá.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ojú-ìwé mẹ́sàn-án ní ọjọ́ mẹ́rin. Màmá ń kà, mo ń kọ. Tí òùngbẹ bá ti mú wọn jù, a máa dúró. Wọn kì í jẹ́ kí n fo ọ̀rọ̀ kankan. Mo ní ká fo ìpínrọ̀ kan torí mo ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tí o ò tíì kà á?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ òní bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ojú-ìwé kejìlá. Màmá kà á: "Si x adhère à chaque ensemble d'une suite décroissante…" Wọ́n dúró. "Tí x bá lẹ̀ mọ́ agbo kọ̀ọ̀kan, àwọn agbo tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n ń dín kù."

Mo ti ń kọ ọ́ lọ níwájú wọn. Mo kọ pé: nínú agbo kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ kan wà tó ń lọ sọ́dọ̀ x. Mo ní, "Mo ti mọ èyí, Màmá. Ìwà àtijọ́ náà ni."

"Kí lo kọ?"

Mo kà á fún wọn.

"Rárá. Má kánjú. Kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ nìyẹn." Wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Un seul point dans chacun. Un seul. Ẹyọ kan. Dans chacun, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan nínú agbo yìí, ẹyọ kan nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹyọ kan nínú èyí tó tún tẹ̀ lé e. Àwọn ẹlẹ́yọ-ẹlẹ́yọ wọ̀nyí ló wá ń lọ sọ́dọ̀ x. O ti sọ ẹyọ kan di ọ̀wọ́ lódindi."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan! Ohun tí abẹ̀bẹ̀ kò lè ṣe gan-an nìyẹn. Lórí abẹ̀bẹ̀, ẹlẹ́yọ-ẹlẹ́yọ kì í dé oríta. Ẹ jẹ́ ká wá bèèrè fún ààyè tí ẹlẹ́yọ-ẹlẹ́yọ rẹ̀ máa ń dé! Mo fa ìwé tuntun, mo kọ ọ́ níbẹ̀ níwájú wọn. Ààyè tó rọrùn ní àdúgbò tó ń dín kù, ìkìíní, ìkejì, ìkẹta. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ju agbo kan sínú ààyè mi. Àwọn agbo náà ń dín kù, x lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn. Mú ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mú ẹnìkejì rẹ̀ lódìkejì. Àwọn méjèèjì jọ gúnlẹ̀. Ó parí. Ìlà márùn-ún.

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo dì mọ́ Màmá.

"Ó tó, ó tó, mò ń gbààwẹ̀," ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu wọn.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ka ìlà márùn-ún náà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ní, "Ó dúró." Lẹ́yìn náà wọ́n bèèrè ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti àná: "Àwọn ààyè orí karùn-ún rẹ, ṣé wọ́n ní ìwà tuntun yìí?"

N kò mọ̀.

Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo ṣe ìrẹsì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo padà wá bá Màmá gba àlejò. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Èmi àti ìyàwó mi jọ ń ṣiṣẹ́ kan. Ó le." Wọn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá, gbogbo àgbàlá ń ta sánsán. Èmi nìkan ni inú mi kò dùn. Ọjọ́ mọ́kànlá, ọgbọ́n mẹ́rin láti fi hàn pé àwọn ààyè orí karùn-ún mi ní ìwà tuntun, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Mùíbì pè láti Àbíjàn. Ó ní ìyá òun sọ fún òun pé àwọn ti di olùrànlọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá bèèrè pé tí kò bá wá yọrí sí rere ńkọ́.

"Á yọrí sí rere," ni mo wí. N kò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà yẹn.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹtì Rere. Mo lọ sí Ara, ìlú àwọn òbí mi, láti bá wọn ṣe ìsìn. Ìsìn wákàtí mẹ́ta. Láàárín ìwàásù kẹrin mo ń wo abẹ̀bẹ̀ inú orí mi, mo ń bi ara mi pé kí ló fà á gan-an tí ẹlẹ́yọ-ẹlẹ́yọ rẹ̀ kì í fi í dé. Ìdáhùn rọrùn: torí pé wọ́n fọ́n ká ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ọ̀nà tirẹ̀, wọn kò kó jọ síbì kankan.

Àwọn ààyè orí karùn-ún mi ńkọ́? Orí karùn-ún, ojú-ìwé àkọ́kọ́, ìlà kejì, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́: nínú ààyè yìí, ojúàmì tí iye wọn kò lópin kò lè fọ́n ká láìkó jọ síbì kan.

Mo pariwo. Kì í ṣe ariwo ńlá. Àwọn tó wà níwájú yíjú padà, wọ́n rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi. Mo yí ìwé ètò ìsìn sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ sí mi létí: "Ọmọ mi, kọ ìwàásù náà dáadáa. Ojú mi ò ríran mọ́, wàá kà á fún mi tí a bá jáde."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá." Ọlọ́run dárí jì mí. Nígbà tí a jáde mo sọ èyí tí mo rántí nínú ìwàásù fún wọn, kò pọ̀.

Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún

Ajé Àjíǹde. Ihò wà nínú ẹ̀rí tí mo kọ ní Ẹtì. Wọ́n máa kó jọ síbì kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní ọ̀dọ̀ x ni? Wọ́n lè lọ kó jọ sílé ẹlòmíràn.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Mo sọ ìṣòro náà fún Màmá bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀wà, torí pé ó ń ràn mí lọ́wọ́ kí n máa sọ ọ́ sókè. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kẹta mo gbọ́ ohun tí mo ń wí: mo ń jẹ́ kí àwọn ojúàmì rìn káàkiri inú àdúgbò ńlá kan. Kí n há wọn mọ́ àdúgbò kékeré, àdúgbò nínú àdúgbò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré ju èyí tó ṣáájú lọ. Nígbà náà, ibi yòówù kí wọ́n kó jọ sí, kò ní jìnnà sí x. Kí n sì lo ìwà ọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

"Màmá, ẹ ṣeun."

"Kí ni mo ṣe?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ojú-ìwé mẹ́ta àtààbọ̀. Mo kà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè, láti òkè lọ sísàlẹ̀. Mo fi hàn Dúrójaiyé, ó wá gbogbo ibi tó lè gbà wó o. Kò wó. Ó ní, "Aǹtí, mo ní kí ẹ pa ẹnu yín mọ́ nígbà yẹn."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n fi mọ́tò mi gbé yín lọ síbi dífẹ́ǹsì."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo ti fi ojú-ìwé mẹ́ta àtààbọ̀ náà ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ti ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n padà wá lórí fóònù: "Wọlé."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Aago márùn-ún ìdájí ni Màmá ti múra. Ìbòrí funfun, bàtà tí Mùíbì rà ránṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá jọ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀. Dúrójaiyé ṣílẹ̀kùn iwájú fún wọn.

Ènìyàn mẹ́fà ló wà lẹ́yìn tábìlì. Obìnrin ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti yunifásítì míì wá ṣèdánwò fún mi, wọn ò ga, ohùn wọn sì tutù. Mo ya abẹ̀bẹ̀ náà sójú pátákó. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ní àṣìṣe nínú, mo fi àṣìṣe náà hàn, mo wá fi àtúnṣe hàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin náà ṣí ẹ̀dà àtijọ́. "Mo ti kà á tẹ́lẹ̀. Mo ti kọ 'ó dára' sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́mà yẹn. Ta ló pe àkíyèsí yín sí i?"

"Èmi fúnra mi ni mo rí i, mà."

"Ẹ lè má sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. "Ó dáa. Ẹ ti sọ ààyè yín di púpọ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn. Tí a bá mú méjì nínú irú tiyín ńkọ́, tí a sọ ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú èkejì?"

"Kì í sábà dúró, mà. Àwọn kan ti rí àpẹẹrẹ tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo lè fi kún tèmi kó lè dúró, n kò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin náà pa ìwé náà dé. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró síta. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníran ló jáde wá pè mí. Wọn ò pe orúkọ mi. "Ọ̀mọ̀wé," ni wọ́n wí.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, Dúrójaiyé ń kọrin, mo ń sun ẹkún tí mo ti ń tọ́jú láti oṣù Kẹta. A ti wọ Èjìgbò kí Màmá tó yíjú sí mi lẹ́yìn mọ́tò.

"Ìyàwó. Obìnrin yẹn bi ọ́ ní nǹkan kan, o ní o ò mọ̀ ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Òun náà ní òun ò mọ̀ ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n, Màmá."

Wọ́n kọjú síwájú padà. Wọ́n tún ìbòrí wọn ṣe. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé kí wọ́n tó ní:

"Sinmi lọ́la. Ní ọ̀tunla, kó ìwé jáde."